Ọ̀nà Tí Ọkọ̀ Ojú Irin Fi Sílẹ̀ fún Ẹlẹ́sẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìrìn ẹsẹ̀ ni ètò wa gbé wá lónìí. Ìrìn ìgbafẹ́ ni, lórí ojú ọ̀nà kan tí ọkọ̀ ojú irin ti ná rí, tí wọ́n ti hú irin rẹ̀ kúrò, tó sì ti wá di ti ẹlẹ́sẹ̀.

Ọ̀nà náà wà ní ìpínlẹ̀ Nevada ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lẹ́bàá ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Boulder City, tí kò jìnnà sí Las Vegas. Gbogbo ayé ló mọ Las Vegas mọ́ tẹ́tẹ́ àti iná aláràbarà. Ṣùgbọ́n Boulder City tó múlé gbè é kò fàyè gba ilé tẹ́tẹ́, láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó títí di òní olónìí. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló kọ́ ìlú náà fún àwọn òṣìṣẹ́ tó wá mọ dáàmù Hoover sójú odò Colorado. Láti ẹ̀gbẹ́ ìlú yìí ni ọ̀nà tí à ń sọ ti gbéra. Ó tọ òkè etí adágún omi Mead lọ, ó gba inú ihò àpáta márùn-ún kọjá, ó sì já sí dáàmù náà gan-an. Máìlì 3.7 ni àlọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ dé dáàmù lè rìn máìlì 2.2 dé ihò karùn-ún, kó ṣẹ́rí padà níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò máa ń ṣe nìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́fà àti ìyá ìyá rẹ̀ lè jọ rìn ín, kí wọ́n máa tàkúrọ̀sọ lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì mí hẹlẹ nínú wọn.

Kí ló fà á tí ojú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ fi máa ń rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀? Ìdí rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Irin ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin, irin náà ló sì ń gùn. Irin kì í di irin mú bí rọ́bà ṣe ń di ọ̀dà títì mú. Èyí ló jẹ́ kí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè fa ẹrù ọgọ́rọ̀ọ̀rún tọ́ọ̀nù lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí agbára tí yóò lò kò sì ní pọ̀. Èyí kan náà ni kì í jẹ́ kó lè gun òkè. Bí ilẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ga sókè nínú ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, ẹ̀rọ tó ń fa ọkọ̀ á ti máa jìjàkadì. Nítorí náà, àwọn tó ń la ojú irin ní láti bá ilẹ̀ dúnàádúrà. Ibi tó bá ga, wọ́n á gé e wálẹ̀. Ibi tó bá jin kòtò, wọ́n á da òkúta àti erùpẹ̀ sí i títí tí yóò fi bá ìyókù dọ́gba. Bí òkè bá le ju kí wọ́n gé e lọ, wọ́n á lu ú já láti ìhà kan dé ìkejì. Bí ó bá ku pé kí ọ̀nà yà, yíyà rẹ̀ á fẹ̀, á lọ jẹ́jẹ́, torí ọkọ̀ gígùn kò lè ṣẹ́ kọ́nà lójijì.

Nígbà tí ọkọ̀ bá wá kásẹ̀ nílẹ̀, gbogbo iṣẹ́ yìí á ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tọ ọ̀nà lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ń jẹ èrè rẹ̀, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, ìyá ọmọ tó ń ti ọmọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé, bàbá àgbà tí orúnkún ń dùn, gbogbo wọn ló lè rí inú aṣálẹ̀ àti orí àpáta tí wọn kì bá tí dé láé bó bá jẹ́ ọ̀nà àwọn apọ́nkè ni.

Ẹ jẹ́ ká bá ọ̀nà náà lọ díẹ̀. Ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí kò jìnnà sí ilé ìgbàlejò tí National Park Service kọ́ síbẹ̀, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìgbafẹ́ àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà lójú ọ̀nà, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó fẹ̀ débi tí ènìyàn mẹ́rin lè tò ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́. Bí ènìyàn bá ti kúrò níbẹ̀, adágún Mead á tẹ́ rẹrẹ sí ọwọ́ òsì rẹ̀, omi aláwọ̀ ojú ọ̀run láàárín àpáta tó pọ́n, tó sì gbẹ. Igi tó ga kò sí. Àwọn igbó kéékèèké tó mọ bí a ti ń fi ìwọ̀nba omi gbé ayé ló fọ́n káàkiri. Ní òdìkejì omi, ní ìpínlẹ̀ Arizona, òkè kan wà tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì dúdú, orúkọ rẹ̀ ni Fortification Hill. Òkúta yíyọ́ tó tú jáde láti abẹ́ ilẹ̀ láyé ọjọ́un ló ṣàn bo orí rẹ̀, tó sì dì síbẹ̀. Àgùntàn igbó oníwo ńlá máa ń rìn lórí àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè agbègbè yìí. Ẹni tó bá rọra ń lọ, tí kò pariwo, lè bá wọn pàdé.

Lẹ́yìn náà ni ihò àkọ́kọ́ yọ.

Àwọn ihò márààrún yìí ni àwọn àlejò ń tìtorí rẹ̀ wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bí 300 ẹsẹ̀ bàtà, ẹsẹ̀ bàtà 25 sì ni fífẹ̀ rẹ̀. Ẹnu kò lè ròyìn ìyàtọ̀ tó wà láàárín oòrùn ìta àti òjìji tútù tó wà nínú wọn. Wọ́n tóbi ju ohun tí ọkọ̀ ojú irin lásán nílò lọ, nítorí àwọn ẹ̀rọ àti páìpù ràgàjì tó ń lọ sí dáàmù kò lè gba inú ihò tóóró. Ògiri wọn kò dán. Ojú ibi tí wọ́n ti fi àdó olóró fọ́ àpáta ṣì hàn gbangba lára wọn. Nínú àwọn kan, igi ńláńlá tí wọ́n fi gbé òrùlé ró kí òkúta má bàa já lu ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àdán ti sọ àwọn kọ̀rọ̀ inú ibẹ̀ di ilé, ìdí nìyẹn tó fi dára kí ènìyàn má pariwo nínú wọn. Níbi kan, ẹni tó dúró sínú ihò kan lè rí ẹnu ihò tó kàn lọ́ọ̀ọ́kán, ìmọ́lẹ̀ láàárín òkùnkùn méjì.

Ẹni tó bá bojú wolẹ̀ sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà á rí àwọn kùkùté kọnkéré ràbàtà-ràbàtà tí wọ́n dà síbẹ̀. Inú dáàmù ni wọ́n ti gé wọn jáde nígbà tí wọ́n fẹ́ ri àwọn tọ́báìnì tó ń pèsè iná mànàmáná mọ́lẹ̀. Síwájú sí i, lẹ́yìn ihò karùn-ún, ọgbà kan wà tí wọ́n kó àwọn àlòkù ẹ̀rọ dáàmù sí. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò lẹ́wà bí omi àti òkè, ṣùgbọ́n àwọn ló ń sọ fún ẹlẹ́sẹ̀ pé kì í ṣe ìgbafẹ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ la ọ̀nà yìí.

Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1930. Lọ́jọ́ náà, Ray Lyman Wilbur, mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti omi nínú ìjọba Ààrẹ Herbert Hoover, wá sí aṣálẹ̀ tó wà lẹ́yìn Las Vegas, ó sì gbá ìṣó fàdákà kan mọ́lẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin tuntun náà. Níbẹ̀ ló ti kéde pé orúkọ ọ̀gá òun ni dáàmù náà yóò máa jẹ́. Lẹ́yìn tí Hoover kúrò lórí oyè, ìjọba tó tẹ̀ lé e pa orúkọ náà tì, wọ́n ń pè é ní Boulder Dam. Ọdún 1947 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó dá orúkọ Hoover padà. Ojú irin náà ló ṣáájú dáàmù. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé sìmẹ́ńtì, irin àti ẹ̀rọ dé inú àfonífojì Black Canyon láìsí i.

Iléeṣẹ́ rélùwéè Union Pacific la ojú irin tiwọn láti ẹ̀bá Las Vegas dé Boulder City. Ìjọba la tiwọn láti Boulder City dé dáàmù. Six Companies, ẹgbẹ́ àwọn kọngílá tó gba iṣẹ́ náà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 49 dọ́là, tún la tiwọn láti máa kó òkúta wẹ́wẹ́ àti kọnkéré. Orí ọkọ̀ mẹ́sàn-án tó ń lo ooru omi àti mẹ́rin tó ń lo epo ni Six Companies ní. Ènìyàn 71 ló ń ṣiṣẹ́ nídìí wọn, tọ̀sán tòru. Ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà, ọdún 1933 ni wọ́n da kọnkéré àkọ́kọ́ sí dáàmù náà. Nígbà tí wọ́n fi parí ní ìparí oṣù Karùn-ún, ọdún 1935, kúbíìkì yáàdì 3,250,000 ló ti wọ inú rẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 726. Ààrẹ Franklin Roosevelt ló wá ṣí i ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án ọdún náà.

Iye wọ̀nyí rọrùn láti kà jáde. Kò rọrùn fún àwọn tó fi ara ṣe é. Àkókò tí iṣẹ́ wọ́n bí ojú ni, tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti wó lulẹ̀, tí àwọn bàbá ọlọ́mọ sì ń kó ìyàwó àti ọmọ wá sínú aṣálẹ̀ torí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ń gba ènìyàn síṣẹ́. Boulder City kò tíì dìde nígbà náà. Inú àgọ́ ni wọ́n ń sùn létí odò. Láàárín ọjọ́ 25, oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 26, oṣù Keje, ọdún 1931, ooru pa ènìyàn 16 lára àwọn òṣìṣẹ́ àtàwọn tó ń gbé etí odò náà. Nínú oṣù Kẹjọ, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gé owó àwọn kan lára wọn. Ọwọ́ wọn kò tẹ ohun tí wọ́n ń béèrè, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dúró láti gba ipò wọn.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí èyí tó kàn. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Six Companies kò gba aláwọ̀ dúdú kankan. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé Las Vegas kò gbà. Ní 1931, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Colored Citizens Labor and Protective Association láti máa jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n bá àwọn aláṣẹ wí. Ọdún 1932 ni ilẹ̀kùn tó ṣí, kò sì ṣí tán. Nínú iṣẹ́ tó gba ènìyàn tó lé ní 5,000 lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó gbóná jù lọ, ní oṣù Keje ọdún 1934, aláwọ̀ dúdú tó wà níbẹ̀ kò fìgbà kan ju 30 lọ. Ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta wẹ́wẹ́ ní ìhà Arizona ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sí, níbi tí owó ti kéré jù. Korobá omi mímu tiwọn yàtọ̀ sí ti àwọn aláwọ̀ funfun. Wọn kò gbà kí wọ́n gbé Boulder City. Láti Las Vegas ni wọ́n ti ń wá síṣẹ́ lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń padà síbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Òkúta tí àwọn ọkùnrin yìí wà ni ọkọ̀ ojú irin Six Companies ń kó lọ síbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ, tí wọ́n ti ń pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì. Òkúta náà ló wà nínú dáàmù tí àlejò láti gbogbo ayé ń dúró lé lórí ya fọ́tò. Omi ti bo ibi tí wọ́n ti wà á mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn omi ní oṣù Kejì, ọdún 1935, tí adágún Mead bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ó gbé àwọn ojú irin tó wà nísàlẹ̀ létí odò mì. Èyí tó wà lókè, tó jẹ́ ti ìjọba, ni omi kò dé. Òun náà ni ẹlẹ́sẹ̀ ń tọ̀ lónìí. Ó dára kí ẹnikẹ́ni nínú ọmọ Yorùbá tó bá débẹ̀, àwọn tó ń gbé Amẹ́ríkà pàápàá, mọ̀ pé àwọn ọmọ Áfíríkà wà nínú iṣẹ́ náà, àti pé wọ́n jà kí wọ́n tó débẹ̀. Dáàmù tí a kọ́ láìdárúkọ wọn kò tíì sọ gbogbo òtítọ́.

Lẹ́yìn tí dáàmù parí, ojú irin òkè yẹn kò ní iṣẹ́ púpọ̀ mọ́. Wọ́n ń fi í gbé ẹ̀rọ ńlá lọ sí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tó wà nísàlẹ̀ dáàmù. Ní 1961, ó gbé ẹ̀rọ amúnáwá kan láti Boulder City lọ síbẹ̀, ìyẹn ni iṣẹ́ àṣekẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó di 1962, wọ́n tú gbogbo irin rẹ̀, wọ́n tà á ní àlòkù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ihò àpáta lásán ló kù. Àwọn òṣèré débẹ̀ ní 1977 láti ya apá kan nínú fíìmù The Gauntlet tí Clint Eastwood ṣe. Ní 1984, ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè. Iná jó ihò karùn-ún nígbà kan, wọ́n sì dí i pa. Ọdún 2001 ni wọ́n parí àtúnṣe rẹ̀, tí wọ́n ṣí i, tó fi wá ṣeé ṣe láti fi ẹsẹ̀ rìn láti Boulder City títí wọ dáàmù. Lónìí, ó tún ti so mọ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ mìíràn tó yí àwọn òkè River Mountains po, tó gùn tó nǹkan bíi máìlì 35.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó ń rìn níbẹ̀ kò lè ṣàìrí. Ní gbogbo etí adágún, àpáta ní àmì funfun kan tó yí i ká, bí ẹni pé ẹnìkan fi ẹfun fa ìlà sí i lára. Ibi tí omi dé tẹ́lẹ̀ ni. Èròjà inú omi ló lẹ̀ mọ́ àpáta, ó sì ṣẹ́kù nígbà tí omi fà. Adágún Mead ni adágún àtọwọ́dá tó lè gba omi jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá omi tí Las Vegas ń lò ló ń wá láti inú odò Colorado tó ń kún adágún náà. Láti bí ọdún 2000 ni ọ̀dá ti ń jẹ ẹ́, tí àwọn ìpínlẹ̀ tó ń pín omi náà sì ń fà ju ohun tí odò ń mú wá. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ó fà débi tí kò fà dé mọ́ láti 1937, nígbà tó ṣì ń kún lọ́wọ́. Ẹni tó bá wo àmì funfun yẹn láti orí ọ̀nà ojú irin náà á mọ iye omi tó ti lọ, kò ní nílò ìwé ìròyìn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìmúra, torí ọ̀nà tó rọrùn lè tan ènìyàn jẹ. Aṣálẹ̀ ni ibẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, ooru máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òjìji kò sì sí láàárín ihò kan sí ìkejì. Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn rẹ̀ kó lọ láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, tàbí kó jí lọ ní ìdájí. Kó gbé omi dání ju èyí tó rò pé òun nílò lọ. Kó dé akẹtẹ̀ tàbí fìlà tó bo ọrùn. Bàtà rọ́bà lásán tó di ẹsẹ̀ mú ti tó, kò sí ìdí láti ra bàtà àwọn apọ́nkè. Tọ́ọ̀ṣì kékeré dára fún inú ihò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ máa ń hàn ní ìkángun. Ajá tí wọ́n so mọ́ okùn lè dé ihò karùn-ún. Géètì wà láàárín ibẹ̀ sí dáàmù, wọ́n sì máa ń tì í nígbà tí oòrùn bá wọ̀, nítorí náà kí ẹni tó fẹ́ dé dáàmù ṣírò àbọ̀ rẹ̀ mọ́ àlọ.

Irú ọ̀nà yìí kò mọ sí Nevada. Ní 1916, nígbà tí rélùwéè Amẹ́ríkà pọ̀ jù lọ, ojú irin wọn gùn tó nǹkan bí máìlì 254,000. Mọ́tò àti ọkọ̀ òfúrufú wá gba èrò lọ́wọ́ wọn, àwọn iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀ka tí kò pa owó tì. Ní 1983, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin kan tó gbà kí wọ́n fi ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ kò ná mọ́ pamọ́ fún ọjọ́ iwájú, kí wọ́n sì máa lò ó fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ títí dìgbà tí ọkọ̀ bá tún nílò rẹ̀. Àwọn onílẹ̀ kan tí ọ̀nà náà gba àárín ilẹ̀ wọn kọjá kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní ilẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ àwọn. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì dá a ní 1990 pé òfin náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n pé onílẹ̀ tí ó bá pàdánù ẹ̀tọ́ lè béèrè owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ ìjọba. Ìdájọ́ tó dára gbáà ni. Kò gba ọ̀nà lọ́wọ́ ará ìlú, kò sì fi ilẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ṣe ìjẹ.

Lára ohun tí òfin yẹn bí ni Katy Trail ní ìpínlẹ̀ Missouri, tó gùn tó nǹkan bí máìlì 240, tó sì tọ etí odò Missouri lọ ní apá púpọ̀ nínú rẹ̀, lórí ojú irin tí iléeṣẹ́ kan fi sílẹ̀ ní 1986. Ní New York, wọ́n sọ ojú irin kan tó wà lórí òpó irin, lókè òpópónà, di ọgbà ìrìn ní 2009. Wọ́n ń pè é ní High Line. Máìlì kan àbọ̀ kò pé ni, síbẹ̀ èrò rẹ̀ kì í dá. Àwọn ènìyàn wa tó ń gbé Ìlú Ọba, ní Manchester tàbí Sheffield, kò nílò láti wọ ọkọ̀ òfúrufú. Monsal Trail wà nítòsí wọn ní agbègbè Peak District. Ọdún 1863 ni wọ́n ṣí ojú irin ibẹ̀, wọ́n tì í ní 1968. Láti 2011 tí wọ́n ti ṣí àwọn ihò rẹ̀ ni ẹlẹ́sẹ̀ ti lè rìn ín láti ìkángun dé ìkángun, máìlì 8.5, láàárín àfonífojì tó tutù yọ̀yọ̀.

Ilé wa ńkọ́? Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó lọ sí òkè, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù Kẹta, ọdún 1901. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni ojú irin tuntun tó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ ti ń gbé èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn. Ohun àmúyangàn ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan wà tó yà ní Ìfọ̀, tó gba Ìlaròó kọjá lọ sí Ìdógò, ní ilẹ̀ Yewa. Àwọn àgbà ibẹ̀ mọ ìgbà tí ọkọ̀ ń ná an. Ọkọ̀ kò ná an mọ́, igbó sì ń gba ojú ọ̀nà náà díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tó nira jù ti parí níbẹ̀. Àwọn bàbá wa ti gé òkè, wọ́n ti dí kòtò, ilẹ̀ ti tẹ́jú.

Ohun tí ètò yìí ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, iléeṣẹ́ rélùwéè àti àwọn ọba ilẹ̀ Yewa ni pé kí wọ́n má jẹ́ kí ilẹ̀ ojú irin yẹn di ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n fi òfin dáàbò bò ó, kó má ṣòro láti dá ọkọ̀ padà síbẹ̀ bí ọjọ́ bá dé. Ní báyìí ná, kí wọ́n ro igbó ojú rẹ̀, kí wọ́n gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àwọn ọmọ iléèwé lè fi ẹsẹ̀ tọ̀ ọ́ kí wọ́n sì gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó wọ ọkọ̀ náà rí, nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé láti sọ ọ́. Ẹ̀yin olùgbọ́ tó ń gbé Ìfọ̀, Ìlaròó àti Ìdógò, bí ẹ bá ní fọ́tò tàbí ìtàn ẹ̀ka ojú irin yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi han àwọn aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀.